Ẹni Tó Kọ́kọ́ Bo Dàbínù

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde rẹ̀: ìkùukùu kan yọ lókè ìlú wa, láàárín aṣálẹ̀ níbí, láàárọ̀ yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo. Kò ju ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́ lọ. Gbogbo ìlú jáde wá wò ó. Kó tó di ọ̀sán ó ti lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 7

Ìkùukùu mẹ́ta. Fóònù mi ní àrá lè sán, òjò lè rọ̀, yìnyín lè bọ́. Lè, lè, lè. Mo kà á sí Ọ̀gágun létí. (Ọ̀gágun — màmá tó bí bàbá mi. Kò mọ̀ pé mo fún òun lórúkọ yẹn, kó sì má mọ̀ ọ́n o.) Ó ní, ṣé fóònù mi ti rí òjò rí?

Dàbínù rẹ̀ wà lórí òrùlé, ó sá a sórí ẹní — oúnjẹ ọdún kan. Gbogbo ilé ló sá tiwọn. Mo ní kí n fi ọ̀rá bò ó. Ó wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bo dàbínù níbí kí òjò tó rọ̀. Ẹni tó bá bò ó ti bú òjò nìyẹn. Òjò á yà sí ìlú mìíràn, gbogbo ayé á sì mọ ẹni tó lé e. Ìdílé kan dán an wò nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré. Títí dòní, Ilé Lé-Òjò là ń pè wọ́n.

Ọjọ́rú, 9

Dàbínù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, òrùlé ni. Mo gun òrùlé lọ wò ó. Amọ̀ ti sán láti igun dé igun. Ìtì ọ̀pẹ tó gbé e dúró ti jẹrà — mo fi ìka tì í, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn fi ìka ti búrẹ́dì. Gangan lókè ibùsùn Ọ̀gágun. Ilé kíkọ́ ni mo kọ́ ní pólì. Mo sọ fún un pé tí òjò gidi bá rọ̀, òrùlé yìí máa wó.

Ó ní, ta ló kọ́ ilé náà? Mo ní bàbá àgbà ni. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, Ẹnjiníà? Ilé mélòó lo ti kọ́?"

Mo lọ se tíì.

Ọjọ́bọ̀, 10

Afẹ́fẹ́. Eruku. Ewúrẹ́ ò jẹun.

Bàbá Kaddour, àbúrò bàbá mi, wá bẹ Ọ̀gágun pé kó wá sùn nílé òun, ilé sìmẹ́ńtì. Ọ̀gágun ní ààrò ni ilé yẹn. Ó tún ní ẹni tó bá sá kúrò nílé nígbà tí àlejò bí òjò wà lójú ọ̀nà, kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Màmá, àlejò yìí máa wó ilé yín," ni Bàbá Kaddour wí.

"Àwọn ọmọ rẹ náà ń wó o. Mo ṣì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Ọjọ́ Jímọ̀, 11

Mànàmáná níhà ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo ìlú dúró lórí òrùlé, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ ojú wo ọ̀run, wọ́n sì ń tẹjú mọ́ dàbínù ara wọn. Lala Mbarka, aládùúgbò wa (Rédíò lorúkọ tí mo fún un), pariwo láti òdìkejì: "Ẹ ò tíì bò ó?" Ọ̀gágun dá a lóhùn: "Ìwọ là ń wò!" Àwọn méjèèjì kì í gbádùn oúnjẹ tí wọn ò bá tíì jà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ó rọ̀.

Kí n tètè kọ ọ́. Ọ̀sán gangan, ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Àrá sán, ewúrẹ́ já okùn. Ọ̀gágun jókòó sórí ibùsùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun, ó ń kí òjò káàbọ̀. Omi amọ̀ ti ń kán sí i léjìká. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ gbé e — ó gbá mi létí.

Ni mo bá purọ́. Mo ní, "Màmá, Lala Mbarka ti bo dàbínù rẹ̀. Láti àná."

Mi ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Kò wọ bàtà, kò rántí ìborí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà Lala Mbarka.

"Ìwọ olójú méjì! Ìwọ lé-òjò!"

"Èmi? Gòkè wá wò ó, arúgbó oníjàngbọ̀n!"

Wọ́n gòkè, mo tẹ̀ lé wọn. Dàbínù Lala Mbarka wà nínú òjò, ó rin gbindin, kò sóhun tó bò ó. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Kí wọ́n tó rí èébú tó tó mi, nǹkan ró gììrì nílé wa. Kì í ṣe àrá. Òrùlé, ìtì ọ̀pẹ, oúnjẹ ọdún kan — gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn.

Lala Mbarka ló di ọwọ́ Ọ̀gágun mú.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan nílé Lala Mbarka. Wọ́n jà lórí aṣọ ìbora. Ọ̀gágun ò bá mi sọ̀rọ̀ — ó ní òun kì í bá òpùrọ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó mú ẹran tirẹ̀ sínú àwo mi, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé, 14

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri mọ́sálásí. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

ÌKÉDE. Ìgbìmọ̀ ìlú ń fi tó gbogbo olùgbé létí pé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjò, èyí tó wà ní pápákọ̀ òfurufú lódìkejì aṣálẹ̀, kò gba ẹ̀kán omi kankan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà, òjò kò rọ̀. Àdúrà ìtọrọ òjò yóò wáyé ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá wó láàárín àkókò náà, kó wá sí ọ́fíìsì wá ṣàlàyé ohun tó wó o.