Tíṣà Tí O Lé Ní Ṣọ́ọ̀bù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí aláìsàn kan kò lè bínú tó báyìí. Èmi náà ṣì wà, bí o ò bá tíì fi ìbànújẹ́ pa mí. Ìwé méjì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹnu sọ̀rọ̀, ńṣe lo máa ń yí ọ̀kan nínú àwọn rédíò tí o ń tún ṣe sókè. Ó yá, yí lẹ́tà sókè kí n rí i.

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé rédíò kan náà wá bá ọ láàárín oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo tú u, tí o ní kò sóhun tó ṣe é. Gbogbo ọgbọ́n orí rẹ, o ò bi ara rẹ léèrè ohun tí obìnrin ń wá tó fi ń gbé rédíò tó ń sọ̀rọ̀ kiri?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú mi ló ṣe. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí o fi ń rìn ṣubú, tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó mú un fún ọ. O jágbe mọ́ ọn: "Ẹ fi sílẹ̀! Ṣé mo ń ṣagbe ni?" Ọmọ ọlọ́mọ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. O wá kọjú sí mi pé, "Màámi, ẹ ṣáà rí i, ta ló fẹ́ fẹ́ arọ?" Ẹsẹ̀ rẹ kọ́ ló lé e, ẹnu rẹ ni!

Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ará ilé ń káàánú rẹ, èmi ni mo ní kí o má gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan omi. Ọmọ ọdún méje ni mo sọ ọ́ fún. O ti pé méjìdínlógójì, kí ló dé tó jẹ́ èyí nìkan lo ṣì ń gbọ́ sí mi lẹ́nu?

Wọ́n ti ní kí tíṣà náà máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mọ́tò ń bọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. Mo lọ bá a nílé. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o, mi ò bẹ èèyàn rí. Mo kàn bi í bóyá inú ṣì ń bí i. Ó ní, "Inú ò bí mi, Ìyá. Ó kàn sú mi ni." Ẹni tínú ń bí ṣì lè dúró jà.

Lọ bá a kó tó di ọjọ́ náà. Má ṣàlàyé ẹsẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ ò fọ́. Sọ pé, "Ẹ má bínú." Kò ní pa ọ́.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni rere, á sì fún ọ ní ẹnu tí kò ní lé e. Wàá darúgbó, o ò sì ní dá nìkan darúgbó.

Èmi ni ìyá rẹ, tí o jogún agídí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tún rántí: àtẹ̀gùn ilé tíṣà jẹ́ mẹ́tàdínlógún, kò sì sí irin tí èèyàn lè dì mú. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. Mo dì í mú.