Lẹ́tà Pupa Ara Ògiri Wa

Igbó-Ọrà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èmi Múfútáù ni mo ń kọ ọ́. Bàbá mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀wé, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọkàn àwọn balẹ̀.

Ojú ń tì mí. Wọ́n sọ fún mi pé Sìdí, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ayétẹ̀, fẹ́ ta ilé bàbá wa. N kò bi í. Mo pe akọ̀wé pátákó kó wá kọ ìkìlọ̀ sára ilé náà, ó sì fi oríṣiríṣi ìrísí lẹ́tà hàn mí lórí fóònù. Mo mú èyí tó sanra, tó rí págunpàgun bí ohun tí a fọwọ́ gbẹ́, torí ó dà bí ẹni tó ń pariwo. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ.

Lónìí ni Sìdí gbé sìmẹ́ńtì dé lórí ọ̀kadà, pé òun fẹ́ tún yàrá ìyá wa ṣe. Ó ka ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń bá wí?”

Ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, lẹ́tà yìí tóbi o! Láti ìta títì la ti ń kà á.”

“Ẹ mọ ilé mi,” ni Sìdí wí. “Ẹ ò wá bi mí.”

Ó já sìmẹ́ńtì sílẹ̀, ó sì bá ọ̀kadà náà padà.

Mo ti kun ọ̀dà funfun lé e. Ó ṣì ń hàn.

Màá lọ sí Ayétẹ̀ lọ́la. Ẹnu wo ni màá fi kí i?

Àmì ìka Bàbá Múfú nìyí. Ẹlẹ́rìí: Ìyá Múfú, àti Àlàbí akọ̀wé pátákó.