Òkè Tí Mo Tẹ̀ka Fún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án

Burulai, ìyàwó ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé. Orúkọ ọmọ mi ò ní sí níbí, ti olóògbé ọkọ mi náà ò ní sí — lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tàbí ti òbí ọkọ, kì í sì í kọ ọ́.

Mo gun Òkè Ẹ̀yìn lónìí. Orúnkún ò gbọ́ tèmi mọ́. Ihò méjìlélógójì. Wọ́n hú tẹrẹsíkẹ̀n tòun ti gbòǹgbò láti fi dáná. Igi kékeré tí kò ga ju orúnkún lọ ni, ṣùgbọ́n yìnyín kì í bò ó tán. Òun ni àwọn màlúù onírun wa ń jẹ nígbà òtútù. Ọdún mẹ́ta rèé tí abúlé ti fòfin dè é: ẹni tó bá hú u, ẹran rẹ̀ ò ní gun òkè náà lọ́dún yẹn. Èmi ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Mo tẹ̀ka sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ keje

Ogún ihò sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Akagi, onímọ̀ nípa ewéko, dé láti ìlú. Ó gé kùkùté kan, ó ka òrùka inú rẹ̀. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó ní, "Màmá, ó jù yín lọ." Mo ní, ṣé igi náà ò léyín mọ́ bíi tèmi? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú irúgbìn tẹrẹsíkẹ̀n tí òun gbìn lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan ò hù. Ọ̀gbẹlẹ̀.

Mo lọ bá Abdilla, aládùúgbò wa, pé òun ló hú u. Ó ní, "Ìyá, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni mo fi ń dáná. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé tiyín." Aláfojúdi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ wò ó. Òkìtì tẹrẹsíkẹ̀n, ó dé ìbàdí mi. Díígà ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní iná ò gbọdọ̀ kú lábẹ́ ìkòkò sàráà Bàbá. Ṣé ká gbé ẹran tútù fún àlejò ni?"

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Sàráà ọdún kan ikú ọkọ mi ló ń bọ̀ yìí, iná ìgbẹ́ kì í sì í tètè se ẹran.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìpàdé. Burulai ni akọ̀wé wọn. Mo ní kó kọ orúkọ ẹni tó hú u. Bírò dúró. Mo ní, kọ tèmi nígbà náà, ẹnu mi ló rán an. Ó ní, "Màmá, ẹ mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ kọ tiyín náà."

Mo ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ síbi orúkọ.

Abdilla ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Sàráà. Iná ìgbẹ́ la fi se é. Ẹran le. Wọ́n jẹ ẹ́. Òkìtì náà ti lọ sílé ìwé, kí àwọn ọmọ fi yáná. Kò ṣeé gbìn padà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá

Yìnyín àkọ́kọ́. Ẹran abúlé gun òkè. Tiwa mẹ́rìnlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n. A ó pa mẹ́fà kí ebi àti òtútù tó pa wọ́n.

Ọmọ mi ò kí mi. Ó kó ìgbẹ́ wọlé, ó dá iná, ó sì jáde lọ pọ́n ọ̀bẹ.