Nọ́ńbà Ọ́ìlì Tí O Ní Kí N Wò

Ọmọ mi, Ìyá mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí o háyà kò jò mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn àti ẹni tí kò rí oorun sùn, òun ni yóò máa bá wa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní tiwa, àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún màmá rẹ tó ń dùn ún bí òjò bá ti ṣú, àti ọkàn tèmi, tí kò tíì balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti rí èsì rẹ lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù wa náà ni. Gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, mẹkáníìkì ti da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti dúró sójú àgbàlá, tí inú rẹ̀ gbẹ, tí èmi náà kò lè jẹun yó, torí bí mo bá ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òun ni mò ń wò. Ọjọ́ Ajé ni àbúrò rẹ gbọ́dọ̀ fi kó pákó gun òkè gígùn yẹn. O mọ òkè náà, ibi tí ọkọ̀ ti máa ń mí bí arúgbó. Mẹkáníìkì ní bí ọ́ìlì kò bá bá ẹ́ńjìnnì mu, ó lè nọ́ọ̀kì lójijì, kí ọkọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sísàlẹ̀ tòun ti ẹrù. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tún ń fi ọwọ́ júwe bó ṣe máa ń yí. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti dijú, àbúrò rẹ ni mò ń rí nídìí sítíárì.

Ẹnu wa kò kò lórí èyí tí a máa rà. Mẹkáníìkì ní ọkọ̀ tó ti darúgbó, ọ́ìlì tó ki ló yẹ ẹ́. Àbúrò rẹ ní èyí tó ṣàn ni ayé ń lò báyìí. Màmá rẹ ní kí a ra èyí tí wọ́n ya kìnnìún sí lára, kí ọ̀rọ̀ tán. Mẹkáníìkì wá ka ara kéègì kan fún mi, ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, W, ogójì, ó ní W yẹn, ọ̀rọ̀ òtútù ni. Mo bi í bóyá òtútù ló ti ń mú ọkọ̀ náà látọjọ́ yìí tí a kò mọ̀, ó kàn mirí. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù, mo lọ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì mi tó nípọn, mo fi bo ẹ́ńjìnnì. Màmá rẹ ń bá mi jà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré lára àgbàlagbà.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí o pè, torí ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ńlá ṣe. O bi mí bóyá mo ti rí ọ́ìlì, mo ní mo ti rí oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń tà á létí títì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lójú àánú. O ní ẹni tó bá da ọ́ìlì ọkọ̀ pẹtiróòlù sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, kí n má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, kí n yí i padà, kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, nọ́ńbà wà níbẹ̀, kí n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ kí n tó sanwó. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo lọ. Mo kí ọmọkùnrin náà, mo ní kó jọ̀ọ́, kó yí padà. Ó kọ́kọ́ wò mí. Mo ní ọmọbìnrin mi tó wà nílùú ńlá ló fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀ kí a tó bá a dòwò pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí padà, àmọ́ kéègì ọ́ìlì tó gbé lé èjìká kò jẹ́ kí n ríran dáadáa, mo ní kó gbé e sílẹ̀ ná. Òótọ́ lo sọ, Ìyá mi, nọ́ńbà wà níbẹ̀! Mẹ́sàn-án ni, ó tóbi, ó funfun, lára ẹ̀wù bọ́ọ̀lù pupa kan. Ẹ̀wù náà ya díẹ̀ lábẹ́ apá, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tó yẹ ká wò, mo yà á mọ́ ọn. Ọmọ náà bi mí bóyá o ti lọ́kọ. Mo ní ọ̀rọ̀ ọ́ìlì la ṣì ń sọ. Ó ní bí o bá tún fẹ́ rí iwájú, kí n jẹ́ kí òun lọ gẹrun ná.

Fọ́tò lọ, kò pẹ́ tí èsì rẹ dé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn ojú róbótó-róbótó kan ni mo rí, wọ́n pọ́n bí ìyeyè, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ẹnu wọn là gbàgà, eyín wọn hàn síta, omi ń dà pòròpòrò lójú gbogbo wọn. Kí ló dé tí o ń sunkún? Báwo ni mẹ́sàn-án yìí ṣe burú tó? Mo fẹ́ pè ọ́, obìnrin tó wà nínú fóònù ní kò sí owó lórí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi tó fi tún un sọ.

Mo padà sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, mo ní mẹ́sàn-án ti pa ọmọ mi lẹ́kún, ṣé kò ní nọ́ńbà mìíràn. Ó ní méje wà nílé, àmọ́ òun kò tíì fọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tí wọ́n ń fọ̀! Ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àbúrò rẹ ní èyí tó bá wà lòun máa dà sí i lọ́jọ́ Ajé, torí ọ̀gá onípákó ti ní bí a kò bá wá, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. A nílò iṣẹ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọkọ̀ yìí náà ló rán ọ níléèwé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú fìlà mi, fìlà sì wà lórí mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sùn. Àbúrò rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kó máa bínú. Kó bínú sí mi nínú yàrá sàn ju kí n lọ gbé e nísàlẹ̀ òkè.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, má jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo. Fi owó ọ́ìlì rán an, tàbí kí o ra èyí tó tọ́ fi rán an, kó ṣáà má jẹ́ irú èyí tí ènìyàn ń sunkún lé lórí. Bí o bá sì rí àyè, wá fúnra rẹ, wá bá mi wò ó, kí o sì bá mi bẹ àbúrò rẹ. Lọ́jọ́ tí o ń lọ, ẹ̀yìn rẹ ni mo rí gbẹ̀yìn, títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà. Ẹ̀yìn tí mo ti wò tó gẹ́ẹ́, Ìyá mi. Ojú ni mo fẹ́ rí.

Ẹ̀yìn rẹ yóò dára. Ayé rẹ kò ní nọ́ọ̀kì lórí òkè. Omijé tí o dà sínú fóònù yẹn, Ọlọ́run á sọ ọ́ di ẹ̀rín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò lè ṣí fìlà.