Oògùn Tó Pa Ìrẹsì Bàbá Mi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn o, torí ọkọ mi náà máa ń ka page yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mi ò lè sọ fún pásítọ̀, tí mi ò lè sọ fún ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún... Bàbá mi fẹ́ lọ dúró níwájú gbogbo àwọn àgbẹ̀ abúlé wa lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ lọ tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọn ò ṣe. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà lèmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń sùn.

Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, èmi, ọkọ mi, àti Tọ́mi ọmọ wa. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, ní Wharf Road. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn Malu Road, oògùn apakoríko ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ògidì kẹ́míkà yẹn máa ń ti òkè òkun wá nínú dúrọ́ọ̀mù, wọn á bù ú sínú tánkì ńlá, wọn á fi omi àti àwọn nǹkan míì pò ó, wọn á rọ ọ́ sínú ike, ó di ọjà. Ọkọ mi ni olórí àwọn tó ń pò ó. Oríṣi méjì ni wọ́n ń pò. Ọ̀kan wà tó jẹ́ apagbogbo, kò mọ koríko, kò mọ àgbàdo, ohunkóhun tó bá ti ní ewé tútù ló ń pa. Èkejì ni ti ìrẹsì. Ìyẹn ló yani lẹ́nu, torí tí ẹ bá fọ́n ọn sóko ìrẹsì, koríko nìkan ló máa kú, etí ewé ìrẹsì á kàn pọ́n díẹ̀, tó bá yá á tún gbéra, á máa dàgbà lọ. Ọkọ mi fẹ́ràn oògùn yẹn bí ẹní fẹ́ràn ọmọ. Tó bá ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àlejò, ẹ máa rò pé òun ló kọ́kọ́ ronú kàn án láyé.

Ìrẹsì sì ni bàbá mi ń gbìn, lápá Ọ̀fàdà, lórí àkùrọ̀ tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ti ṣe oko ìrẹsì rí á mọ̀ pé kì í ṣe gbígbìn ẹ̀ ló nira, èpò ni. Koríko kan wà tó jọ ìrẹsì bí ìbejì nígbà tó ṣì kéré, ẹni tí ò bá fojú sílẹ̀ á fa ìrẹsì tu, á fi koríko sílẹ̀. Màmá mi ló máa ń bá wọn tu ú, ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ báyìí, nínú omi, láti àárọ̀. Àtìgbà tí Màmá ti kú ni èpò ti ń borí bàbá mi. Nígbà tí a lọ kí wọn lọ́dún Àjíǹde, ọkọ mi rí àtẹ́lẹwọ́ wọn bó ṣe bó, kò lè jẹun mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi ọ̀rọ̀ koríko yìí sílẹ̀ fún mi." Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ o. Nígbà tí àkókò ẹ̀ tó, òun fúnra ẹ̀ ló gbé páálí oògùn sí èjìká, ó gbé e lọ bá wọn. Ó jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé pé ìgbà tí koríko bá ṣì wà ní ewé méjì mẹ́ta ni kí wọ́n fọ́n ọn, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí omi fà lórí ilẹ̀, kí wọ́n má fọ́n ọn tí òjò bá ń ṣú.

Inú bàbá mi dùn... ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Wọ́n ń fi páálí yẹn han gbogbo ẹni tó bá kọjá. Wọ́n á ní àna àwọn ló pò ó l'Ápápá! Ṣé ẹ rí i pé àwọn bí ọmọbìnrin, àwọn tún bí ọkùnrin lé e! Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jọ wà lórí àkùrọ̀ náà fẹ́, bàbá mi sì pín in fún wọn. Ìyá Rẹ̀mí nìkan ló ní òun ò fẹ́, opó kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ó ní òun ò lo kẹ́míkà rí, ẹ̀rù ń ba òun. Bàbá mi ló rọ̀ ọ́. Bàbá mi fúnra wọn ló gbé tánkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n bá a fọ́n oko ẹ̀, wọn ò gba nǹkan kan.

Níbẹ̀rẹ̀, koríko ń rọ, bàbá mi pè wá, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lórí fóònù. Nígbà tó yá, ìrẹsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Wọ́n ní kò séwu, ṣebí Àkànbí ti sọ pé á pọ́n díẹ̀. Àkànbí ni wọ́n máa ń pe ọkọ mi, oríkì ẹ̀ ni. Àmọ́ kò gbéra mọ́. Àárín gbùngbùn, ewé tuntun gan-an, ibẹ̀ ló ti ń kú bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe video call, bàbá mi ò mọ fóònù dì mú, ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ ń rí, ìgbà tó ṣe ni mo wá rí oko náà... bí ibi tí iná ti jó tí èéfín ò rú. Koríko kú, ìrẹsì kú. Tiwọn, ti Ìyá Rẹ̀mí, ti gbogbo ẹni tó fọ́n nínú ẹ̀. Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n wọn oògùn náà pọ̀ jù, bóyá tánkì tí wọ́n fi fọ́n ọn ti gbé oògùn míì rí. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Wọ́n ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o... ojú àwọn ò rí ìlà tó wà lára ìdérí tí wọ́n fi ń wọn oògùn yẹn dáadáa mọ́. Bó ṣe di ẹ̀bi wọn nìyẹn. Èmi náà gbà á gbọ́! Mo tiẹ̀ tún bá wọn wí, pé kí ló dé tí wọn ò pe ọmọdé kan kó bá wọn wò ó. Ọlọ́run, ṣàánú mi.

Kò sẹ́ni tó bú wọn lábúlé. Ìkíni ni wọ́n gé kúrú. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lóko, wọn á kí ilé, kí oko, kí ara, kí ọmọ tó wà l'Ékòó... ó di ẹ kú àárọ̀ lásán. Ìyá Rẹ̀mí ní tiẹ̀, ẹkún ló ń sun. Bàbá mi ò lè wojú ẹ̀. Mo bá lọ mú bàbá mi wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ò lè jókòó tẹ́lẹ̀, orí bẹ́ǹṣì tó wà ní kọ́rídọ̀ ilé wa ni wọ́n ń wà báyìí, wọn á máa wo àwọn tó ń pọn omi lọ pọn omi bọ̀. Obìnrin tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa á kí wọn pé "Papa, how body?", wọn á mi orí. Tí mo bá se ìrẹsì, wọ́n máa ń ní ebi ò pa àwọn.

Ọkọ mi náà yí padà. Kò bá wọn jẹun mọ́. Á ti jáde nílé kí wọ́n tó jí, tó bá dé, yàrá ló ń wọ̀ tààrà. Mo rò pé bàbá mi ti sú u ni. Honestly, ó dùn mí. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá yìí, lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi àti Tọ́mi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń bẹ iṣu, mo bá tú u sílẹ̀, mo ní tó bá jẹ́ bàbá tiẹ̀ ni, ṣé bó ṣe máa ṣe é nìyẹn? Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe bàbá ẹ ló pa ìrẹsì yẹn. Èmi ni."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ó wá ń sọ ọ́, kò gbójú sókè. Apagbogbo yẹn ni wọ́n pò nínú tánkì tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fa gbogbo ẹ̀ tán, kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ ṣan inú tánkì náà ní àṣantúnṣan kí wọ́n tó po ti ìrẹsì sí i. Ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sómi. Àwọn oníbàárà sì ti gbé ọkọ̀ dúró sẹ́nu géètì, àsìkò ìrẹsì ti ń lọ. Ọkọ mi sọ fún ọ̀gá pé àwọn ò tíì ṣan tánkì, ọ̀gá ní ìsàlẹ̀ ìkòkò lásán nìyẹn, kí ló fẹ́ ṣe, tí kò bá lè pò ó, àwọn tó ń wá iṣẹ́ kiri kún Ìjọra Badia. Ó pò ó. Ohun tí kò mọ̀ ni pé páìpù ìsàlẹ̀ ti dí, ohun tó ṣẹ́ kù nínú tánkì kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìkòkò rárá, ó pọ̀. Inú èyí tí wọ́n pò lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ti mú páálí tó gbé lọ fún bàbá mi. Ṣé ẹni tó mọ̀ pé májèlé ni á gbé e fún bàbá ìyàwó ẹ̀? Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ níbòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọ̀gá rán àwọn èèyàn pé kí wọ́n rọra kó èyí tó kù kúrò lọ́jà, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní ẹni tó bá la ẹnu, ẹni tó fọwọ́ pò ó ni òun máa fà fún ọlọ́pàá.

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní lórí fóònù yẹn. Ó ní ìgbà tí òun ń bi bàbá mi bóyá tánkì wọn ti gbé oògùn míì rí, inú òun ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

 Mo bẹ iṣu mi tán. Mo ní kó sọ fún wọn lónìí, ó ń sunkún, ó ní kí n ṣe sùúrù. Bàbá mi wọlé, wọ́n di Tọ́mi lọ́wọ́ mú. Kí a tó jẹun, wọ́n ní kí àwa méjèèjì jókòó. Wọ́n ṣí fìlà wọn. Wọ́n ní, "Àkànbí, ọmọ mi, ohun tó dáa lo fún mi, ojú àgbà ni mo fi bà á jẹ́. Mo ti ba orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ jẹ́ lábúlé. Dárí jì mí." Bàbá mi gbé ọwọ́ lélẹ̀, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọkọ mi! Ọkọ mi dì wọ́n mú, ó na gbalaja sílẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti dé, ó máa sọ ọ́ wàyí... "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ohun tó rí sọ nìyẹn. Bàbá mi rò pé àánú àwọn ló ń ṣe é, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n ní ó ti tó, ó ti tó. Èmi dúró pẹ̀lú abọ́ iṣu lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n ti pinnu. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn alákùrọ̀ máa ṣèpàdé, àwọn máa lọ síbẹ̀, àwọn máa jẹ́wọ́ pé ojú àwọn ló fà á, àwọn sì máa fi ilẹ̀ tiwọn tó wà létí odò fún Ìyá Rẹ̀mí kó máa dá a. Àwọn ò ṣoko mọ́. Ilẹ̀ bàbá wọn o! Wọ́n ní ó sàn kí àwọn kú láìnílẹ̀ ju kí omijé opó wà lọ́rùn àwọn.

Ọkọ mi ń bẹ̀ mí pé kí Sátidé kọjá ná. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi ibi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, lẹ́yìn náà òun á fẹnu ara òun sọ fún wọn. Tí ilẹ̀ bá ti lọ ńkọ́? Tí bàbá mi bá ti sọ̀rọ̀ tán ńkọ́? Tí mo bá sì sọ ọ́ fúnra mi, ọkọ mi lè wọ àtìmọ́lé lórí ohun tí ọ̀gá fi ipá mú un ṣe, kí ni mo fẹ́ sọ fún Tọ́mi? Kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí Màmá mi wà nílé ìwòsàn, òun ló ń gbé wọn lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ọmọ tí wọ́n bí ò ṣe tó o. Bàbá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fẹ́ràn Àkànbí yìí ju èmi lọ, ṣé ọ̀rọ̀ náà ò ní gbé wọn ṣánlẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ ibòmíì tó fi owó ara wọn rà á ńkọ́, bàbá ta ló tún wà lórí bẹ́ǹṣì níbì kan báyìí tó ń dá ojú ara ẹ̀ lẹ́bi?

Láàárọ̀ yìí, kí n tó jáde síbi iṣẹ́, bàbá mi gbé bùbá wọn fún mi kí n lọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n dúró díẹ̀, kí n gbọ́ ohun tí àwọn máa sọ, kí n wò ó bóyá ó dáa. Wọ́n nàró síwájú mi bí ọmọ Sunday School tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣì í wọ̀n. Oògùn náà ò ní àléébù kankan. Ẹ má fi bú ọmọ mi." Wọ́n bi mí pé ṣé ó yé èèyàn, àbí kí àwọn tún un sọ. Mo ní ó yé mi, Bàbá. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ́fíìsì ni mo ti ń kọ èyí, omi ń dà lójú mi sórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni? Ẹ má bú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn... bùbá yẹn wà nílé, mi ò tíì lọ̀ ọ́.