Orin Ìyá Mi Wà Nínú Fóònù Mi, Mi Ò Sì Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú-ewé yìí, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe àánú, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi kọ́kọ́ kà á tán. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo kọ́ àwọn ọmọ Ìdáàṣà ní ìwé láti àdúgbò Kèrè títí dé Lèma, mo sì mọ ohun tí irọ́ ń jẹ́ torí mo ti na ọmọ púpọ̀ nítorí rẹ̀. Ó di oṣù márùn-ún tí mo ti ń purọ́ fún ọmọ-ọmọ mi àti fún obìnrin kan tí a jọ dàgbà. Irọ́ kan náà ni, mo kàn là á sí méjì, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀... Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọmọ náà ń bọ̀ wálé. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ-ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rosíìnì, ń kọ́ṣẹ́ eré orí ìtàgé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kútọnu. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí, ọdún ìkẹyìn. Orin àti ijó ló gbé e wọlé síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán wọn wò, ó kọrin bí a ti ń kọ ọ́ níbí, ó jó bí a ti ń jó o níbí, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tí àwọn ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé tán, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń kọ́ wọn láti àárọ̀ dalẹ́, bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń ṣubú láì farapa, ìwé Faransé tí wọn yóò kọ́ sórí lójú ewé lójú ewé. Orin, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ijó, ìgbà tí olùkọ́ ijó bá wá. Nígbà tó parí ọdún kejì tó wálé, ó jókòó sí pálọ̀ mi níbí, ó ní, Màmá àgbà, wọ́n ń sọ mí di òṣèré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé lọ ń jò dànù. Ṣé èmi ni ẹ ó sọ èyí fún? Mo mọ̀ ọ́n ju òun lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn obìnrin ló ń lu ilẹ̀ ilé tuntun. Wọn a tò, olúkúlùkù pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ lọ́wọ́, wọn a máa lu amọ̀ títí yóò fi dán, orin ni yóò sì máa darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa kò tú. Níbi òkú àgbà àti níbi ìgbéyàwó ni a ti ń kọ àwọn orin náà báyìí, tí a sì ń jó wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, òsì lẹ́ẹ̀kan, kí a wọ́ ọ nílẹ̀ kí a tó gbé e. Nínú ẹgbẹ́ wa, gbogbo orin ló ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni orin nìkan ló lè dá a, àwọn yòókù á máa gbè é. Bí ó bá dàgbà, yóò fún ẹlòmíràn níṣojú gbogbo wa, láti ọjọ́ náà òun fúnra rẹ̀ kò ní dá a láwùjọ mọ́ títí yóò fi kú, àfi kí ó fi kọ́ ẹni tó fún. Ìyá mi ní orin kan. Èmi sì ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ta ni ẹ rò pé ó yẹ kó fún?

Wọ́n rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọdún mẹ́ta gbáko, ibi tó jìnnà. Àwọn màsẹ̀rì, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tó ń tọ́jú ibi tí a ń sùn, ní orin oko ni orin wa, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé àwọn. Èmi tí mo ti ń jó kí n tó mọ ìwé, mo dúró gbọnrangandan fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo dé, níbi òkú àgbà tí a kọ́kọ́ lọ, ìyá mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n dá orin òun wò. Mo la ẹnu. Ohùn mi gòkè, ó ṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi lọ sósì nígbà tí ti gbogbo ayé lọ sọ́tùn-ún. Kí n tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, Filomẹ̀nì ti gba orin náà lẹ́nu mi, ó kọ ọ́ délẹ̀, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Filomẹ̀nì kọ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni obìnrin tí mo ń sọ. Ẹgbẹ́ mi ni, ilé wọn kò ju ilé méjì sí tiwa. Lọ́dún kejì, ìyá mi fi orin fún un. Mo bi ìyá mi léèrè ìdí, ó ní orin kì í dúró de ẹni tó lọ. Láti ìgbà náà ni Filomẹ̀nì ti sọ mí ní Madame Ìwé, orúkọ yẹn sì mọ́ mi lára bí èépá, àwọn òbí ọmọ tí mo ń kọ́ ń fi pè mí. Nígbà tí ìyá mi kú, Filomẹ̀nì ló dá orin rẹ̀ níbi òkú. Èmi ọmọ olóòkú ni mo ń gbè é. Mi ò tún fi ẹsẹ̀ mi tẹ àgbàlá rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí Rosíìnì wá ṣe. Nígbà ìsinmi tó kọjá, láì bi mí, ó gba ilé Filomẹ̀nì lọ. Kò ṣòro, ilé rẹ̀ ni èèyàn máa kọ́kọ́ kàn tó bá ń ti oríta bọ̀ kí ó tó dé tiwa, àpáta ló dí ẹ̀yìn, kò sí ọ̀nà míràn. Ó ní kí Màmá Filo kọ́ òun, kí òun má baà pàdánù ohùn àti ẹsẹ̀ òun sí ilé-ìwé. Filomẹ̀nì kọ́ ọ jálẹ̀ ìsinmi, lórí ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan kí ọmọ padà, ó pe ẹgbẹ́ jọ, ó fi pákó pẹlẹbẹ lé e lọ́wọ́, ó fún un ní orin. Orin ìyá mi. Gbogbo wọn ń kí mi, Madame Ìwé, orin ti padà sílé yín o. Mo rẹ́rìn-ín. Ó padà sílé lóòótọ́, ó kàn fò mí kọjá ni.

Ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ìparí orin náà ṣòro, ẹsẹ̀ tó bá a lọ sì ṣòro jù ú lọ. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ti Filomẹ̀nì, kò lè gba nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n wá ṣètò pé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, Filomẹ̀nì yóò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, yóò kọrin sínú fóònù tèmi, èmi yóò fi ránṣẹ́ bíi vocal, ohùn tí a gbà sílẹ̀. Rosíìnì yóò fi ṣe ìdánrawò lórí òrùlé pẹlẹbẹ ilé tó ń gbé kí ó tó lọ kíláàsì, yóò gba tirẹ̀ náà sílẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ padà kí Filomẹ̀nì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Èmi.

Ní oṣù tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, mo fi Ọlọ́run búra. Ní Sátidé kan, Filomẹ̀nì ń gbọ́ vocal ọmọ náà, ó di ojú, ó gbọ́ ọ tán, ó ní sínú fóònù, "Sìmẹ́ǹtì ló ń dáhùn yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Lọ wá ibi tí iyanrìn wà, ọmọ mi, kí orúnkún rẹ má baà bàjẹ́." Èmi tí mo jókòó níbẹ̀, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ìyẹn nìkan ti tó láti bí mi nínú. Ó tún wá tẹ̀ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, "Má ṣe bíi ti Màmá rẹ àgbà o. Ìwé gbé ohùn tirẹ̀ mì, kò sì pọ̀ ọ́ jáde títí dòní." Lójú mi. Lórí àga mi, omi mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ, mo gbé ìka mi lé e láti fi ránṣẹ́... mo gbé e kúrò. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mi ò fi ránṣẹ́. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn ńkọ́? Bákan náà. Mo sọ fún Rosíìnì pé Màmá Filo ní ó ti rẹ òun, kí ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀, kí ó má sì pe òun lórí fóònù. Mo sọ fún Filomẹ̀nì pé ọmọ ní iṣẹ́ pọ̀, òun yóò gbọ́ ọ bí àyè bá yọ. Bí ọmọ bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́, mo máa ń dá a lóhùn pé Màmá Filo gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan. Kò sọ nǹkan kan... ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ fún ọmọ. Oṣù méjì ni Filomẹ̀nì fi ń gun òkè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi tó ń kọrin fún ọmọ tí kò gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, ó ní, "Madame Ìwé, ṣé ọmọ yẹn tilẹ̀ ń gbọ́ mi?" Mo ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ṣebí o mọ̀ wọ́n." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ì bá sàn fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rosíìnì pè mí. Ìdánwò àṣekágbá wọn ti dé, olúkúlùkù yóò dúró níwájú jury, àwọn tí yóò fún wọn ní máàkì, lóun nìkan, ọ̀rọ̀, orin àti ijó nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Orí orin ìyá mi ló kọ́ tirẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kò mọ ìparí rẹ̀, orí sìmẹ́ǹtì ló sì ti ń jó títí orúnkún rẹ̀ fi wú, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó wá iyanrìn. Ó ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun yóò yọ orin àti ijó kúrò. Olùkọ́ ní ohun tó bá ṣẹ́kù kò tó láti fi yege, ó ní níbo ni ọmọ tí àwọn gbà wọlé lọ́jọ́ yẹn wà? Rosíìnì ní, Màmá àgbà, ohùn mi kò gbà á mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an nìyẹn ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ó wá ní òun ń bọ̀ wálé, kí òun kúnlẹ̀ fún Màmá Filo, kí òun bi í pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ òun.

Filomẹ̀nì náà ńkọ́? A lọ síbi òkú kan ní Akofodjoulè lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí ó dá orin ìyá mi. Ó ní òun ti fún ọmọ, bí ọmọ kò bá kọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́. Wọ́n dá òmíràn. Mo jókòó sáàárín wọn, fóònù wà nínú àpò mi, orin wà nínú rẹ̀.

Torí mi ò pa wọ́n rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an nìyí, èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Vocal mẹ́sàn-án ni, gbogbo wọn wà lọ́wọ́ mi. Lọ́sàn-án, bí ilé bá dá, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ wọn. Mo kọ́kọ́ ní àṣìṣe rẹ̀ ni mo ń wá. Nígbà tó yá, mo ń gbè é. Nígbà tó tún yá, mo bọ́ bàtà. Ilé ìyá mi ni mo ń gbé, yàrá ẹ̀yìn tí mo ń kó iṣu sí kò ní sìmẹ́ǹtì, ìyá mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lu ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń jó, èmi arúgbó, mo di ara ògiri mú. Ẹsẹ̀ tí mo ṣì gbé nígbà yẹn, inú vocal keje ni mo ti rí i. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mi ò sunkún, inú ló bí mi. Ọ̀sẹ̀ kan péré... bí ẹnì kan bá ti jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún yẹn, bí ìyá mi bá ti jókòó tì mí, ṣé ẹnikẹ́ni ì bá máa pè mí ní Madame Ìwé?

Mo mọ orin náà báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo lè kọ́ ọmọ náà nínú yàrá iṣu, kí ó padà lọ yege, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣùgbọ́n a kò fún mi ní orin yẹn, àpáta ibí yìí sì máa ń gbé ohùn lọ jìnnà, Filomẹ̀nì yóò gbọ́ ẹni tó ń dá a. Ṣé kí n fi vocal mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́ lónìí, kí Rosíìnì gbọ́ bí Filomẹ̀nì ti ń pè é lọ́mọ nínú gbogbo wọn, kí ó wá bi mí ibi tí wọ́n ti wà láti ọjọ́ yìí? Àbí kí n tọ Filomẹ̀nì lọ, kí n sọ pé kí ni? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti bá àlùfáà sọ ọ́, ó ní kí n ka rosári, kí n sì lọ sọ fún wọn. Mo ti ka rosári. Ẹ má sì sọ fún mi pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, mo ti dúró de ìyẹn fún àádọ́ta ọdún.

Sátidé lọ́sàn-án, takisí yóò já Rosíìnì sílẹ̀ ní oríta, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn wá, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo ti sọ fún yín bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ẹnu ọ̀nà Filomẹ̀nì ni yóò kọ́kọ́ dé kí ó tó dé tèmi. Ṣé kí n jókòó sílé dè é, àbí kí ó bá mi lọ́hùn-ún? Ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ náà tó pé.