Ìwé ABD Àbígbẹ̀yìn Wa

Ìyá àwọn ọmọ mi, akọ̀wé ilé ìkọ́ṣẹ́ ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ara mi le koko bí ọta.

A ti ṣe ìdánwò púlọ́ḿbà. Mo so páìpù mẹ́fà pọ̀, omi ò kán níbì kankan. Ọ̀gá ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín?" Mo ní, "Bàbá mi àgbẹ̀ ni. Ojú poro ni mo ti mọ ọ̀nà tí omi ń gbà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Orí ìwé ni wọ́n ti ṣe ìdánwò kejì. Ìyẹn náà ò burú. Wọ́n fún wa ní bíírò tuntun. Tèmi ṣì kún bí wọ́n ṣe fún mi. Ìwé ẹ̀rí á pẹ́ díẹ̀, nítorí náà má tíì sọ fáwọn ọmọ pé mò ń bọ̀ lọ́dún yìí.

Mo rántí pé mo sọ fún ọ pé ẹni tó mọ ọkọ́ lò kì í bẹ bíírò. Má rẹ́rìn-ín.

Ṣé ìwé ABD àbígbẹ̀yìn wa ṣì wà? Fi ránṣẹ́ sí mi. Kò sí nǹkan kan o, àwòrán inú rẹ̀ ló wù mí.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ara rẹ lẹ́ẹ̀mejì.